Ìsomọ́: Ohun tí Ọmọ Ọwọ́ Ń Kọ́ Nígbà tí A Bá Dá Ẹkún Rẹ̀ Lóhùn

Ọ̀rọ̀ kan gbòde lórí ayélujára báyìí: attachment, èyí tí mò ń pè ní ìsomọ́. Ọkùnrin kan kò gbé ìpè lẹ́yìn ìjà, wọ́n ní ìṣòro attachment ló ń bá a jà. Obìnrin kan pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ní attachment náà ni, ìyá rẹ̀ ló sì fà á. Ládùúgbò kan náà, ìyá ọlọ́mọ tuntun gbé ọmọ tó ń ké mọ́ àyà, àwọn àgbà sì ń kìlọ̀ fún un pé: "Má gbé e jù o, yóò mọ́ ọn lára, o ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ni apá méjèèjì ń sọ, apá méjèèjì ló sì ṣì í gbọ́.

Kí là ń pè ní ìsomọ́?

Ìsomọ́ ni bí ọmọ kékeré ṣe máa ń wá ẹnì kan pàtó nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, tó bá rẹ̀ ẹ́, tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí nǹkan bá dùn ún. Ẹ kíyè sí "ẹnì kan pàtó" yẹn. Ọmọ oṣù mẹ́wàá lè bá gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ajá bá gbó lójijì, ẹnì kan ló máa rá lọ bá. Ẹni yẹn ló so mọ́.

Ìsomọ́ yàtọ̀ sí ìfẹ́. Òbí lè fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé góńgó, kí ìsomọ́ ọmọ náà má sì fìdí múlẹ̀. Ó yàtọ̀ sí oúnjẹ pẹ̀lú. Harry Harlow fi èyí hàn ní yunifásítì Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ní 1958. Ó fi "ìyá" méjì sínú àhámọ́ fún ọmọ ọ̀bọ: wọ́n fi wáyà lásán ṣe ọ̀kan, ìgò wàrà sì wà láyà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bo èkejì, kò sì ní wàrà kankan. Àwọn ọmọ ọ̀bọ ń lọ mu wàrà lára wáyà, wọ́n sì ń sáré padà lọ rọ̀ mọ́ aṣọ. Bí ohun ẹ̀rù bá wọlé, ìyá aṣọ ni wọ́n ń sá tọ̀.

Ẹ wo àgbébọ̀ adìẹ tó kó òròmọdìẹ jáde. Bí ilẹ̀ bá tòrò, àwọn ọmọ á fọ́n ká, wọ́n á máa ṣà jẹ, èyí tó láyà nínú wọn á rìn jìnnà. Bí àṣá bá fò kọjá, ìyá á ké, gbogbo wọn á ya wọ abẹ́ ìyẹ́. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún fọ́n ká. Ibi ààbò ni abẹ́ ìyẹ́ yẹn, òun kan náà ló sì ń fún wọn láyà láti rìn jìnnà. Apá kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í rí. Wọ́n rò pé ọmọ tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ló so mọ́ ọn jù. Àmọ́ ọmọ tó dá a lójú pé òun á bá ẹni òun nílé ló ń lọ ṣeré lọ́nà jíjìn.

Kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọmọ gbé lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti mọ ohùn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín á máa tètè jáde fún àwọn tó ń rí lójoojúmọ́. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni nǹkan yí padà: ọmọ tó ń lọ sọ́wọ́ gbogbo èèyàn lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àlejò bá na ọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fura pé ẹnì kan ti dẹ́rù ba ọmọ àwọn. Ọpọlọ ọmọ ló dàgbà dé ibi tó ti lè ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Ẹkún ìyapa máa ń le jù láàárín oṣù 10 sí 18. Tó bá pé nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ lè sọ fún un pé "tó o bá jẹun tán, màá ti dé," kí ó sì gbà.

Níbo ni wọ́n ti rí ìmọ̀ yìí?

John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ní 1951, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìròyìn tó kọ jáde, nípa àwọn ọmọ tí ogun àgbáyé kejì sọ di aláìnílé. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí òbí bẹ ọmọ wò ju ìgbà díẹ̀ lọ, torí pé ọmọ máa ń ké bí òbí bá fẹ́ padà. James Robertson, tó ń bá Bowlby ṣiṣẹ́, kíyè sí ohun mẹ́ta tó ń tẹ̀ léra lára ọmọ tó pẹ́ níbẹ̀. Á kọ́kọ́ ké kíkankíkan. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á sorí kọ́. Nígbà tó yá, á máa ṣeré, á máa jẹun, ṣùgbọ́n bí ìyá bá dé, á wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lójú àwọn òṣìṣẹ́, ìpele kẹta yìí ni ara ọmọ ti balẹ̀. Robertson rí i pé òun ló burú jù. Ní 1959, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa jẹ́ kí òbí wọlé nígbàkigbà.

Mary Ainsworth, ọmọ Amẹ́ríkà tó dàgbà ní Kánádà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé àwọn èèyàn. Uganda ló sì ti ṣe é. Ó dé Kampala ní 1954, ó ń lọ láti ilé dé ilé nínú ìdílé 26 ní àwọn abúlé tó yí ìlú náà ká, ó ń wo ọmọ tó ń rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá lọ fọwọ́ kan nǹkan, tó bojú wẹ̀yìn, tó tún rá padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni ìsomọ́. Ọwọ́ àwọn ìyá Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò?

Nígbà tí Ainsworth padà sí Amẹ́ríkà, ó gbé ìdánwò kan kalẹ̀ ní ìlú Baltimore fún ọmọ tó jẹ́ nǹkan bí ọdún kan. Yàrá kan tí ọmọ kò dé rí, àga, ohun ìṣeré nílẹ̀. Ìpele mẹ́jọ ló ní, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìyá gbé ọmọ wọlé, ó jókòó, ọmọ ń ṣeré. Àlejò obìnrin kan wọlé, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó bá ìyá sọ̀rọ̀, ó wá sún mọ́ ọmọ. Ìyá jáde. Ìyá padà, àlejò jáde. Ìyá tún jáde, ó wá ku ọmọ nìkan. Àlejò padà. Ìyá padà. Bí ẹkún ọmọ bá pọ̀ jù, wọ́n á gé ìpele náà kúrú.

Àṣìṣe tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n ń wo ẹkún ìgbà tí ìyá jáde. Ẹkún yẹn kò sọ púpọ̀. Ọmọ kan lè jẹ́ sunkún-sunkún láti inú wá. Ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni ìṣẹ́jú tí ìyá padà wọlé.

Nǹkan bí mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá á lọ bá ìyá, á na ọwọ́ kó gbé òun, á rọ̀ mọ́ ọn, ẹkún á rọlẹ̀, á sì padà sídìí eré. Ìsomọ́ tó fìdí múlẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá gbà wọlé. Wọ́n tẹjú mọ́ ohun ìṣeré bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àlejò á sì máa yìn wọ́n pé wọn kì í yọni lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ka ìlù ọkàn rẹ̀, wọ́n rí i pé ọkàn náà ń sáré bí ti ẹni tó wà nínú ìpayà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìsomọ́ ayẹra ni mò ń pe èyí.

Àwọn mìíràn á fẹ́ kí ìyá gbé àwọn, bó bá sì gbé wọn, wọ́n á máa ta ẹsẹ̀, wọ́n á tì í dànù, wọ́n á tún dì mọ́ ọn. Ẹkún kì í dá, wọn kì í sì lè padà sídìí eré. Ìsomọ́ oníyèméjì nìyí.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí Mary Main àti Judith Solomon ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1980, ló ń ba oníṣègùn lọ́kàn jẹ́ jù. Ọmọ á gbéra lọ bá ìyá, á dúró gbagidi lójú ọ̀nà. Tàbí á máa fẹ̀yìn rìn lọ bá a. Tàbí á wólẹ̀, á bojú. Ìsomọ́ tó dàrú ni. Ó pọ̀ jù lọ níbi tí wọ́n ti ń lu ọmọ ní ìlùkulù, tàbí tí ẹ̀rù ńlá ń ba òbí fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ọmọ fẹ́ sá lọ bá náà ni ẹni tó fẹ́ sá fún, bí ẹni pé àgbébọ̀ àti àṣá di ọ̀kan.

Kí ló ń mú kí ti ọmọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì?

Ìdáhùn ni. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ní láti rí àmì tí ọmọ ṣe, kó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe tọ́, kó dáhùn rẹ̀, kó sì má pẹ́ jù. Ibi ìtumọ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́rin tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó yí ojú kúrò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó fẹ́ sinmi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ìyá rò pé eré náà kò dùn tó, ó gbọn ṣẹ́rẹ́ sójú rẹ̀. Ọmọ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá tẹ̀ lé e, ó pàtẹ́wọ́. Òsúkè bẹ̀rẹ̀, ẹkún tẹ̀ lé e, ìyá sì sọ pé: "Ọmọ yìí ò fẹ́ràn mi." Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ ìbá ti fúnra rẹ̀ yí ojú padà.

Fún ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ronú nípa iná mànàmáná. Ní ilé tí iná kì í lọ, ẹnikẹ́ni kì í ronú nípa iná. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ní ilé tó jẹ́ pé ó ń wá, ó ń lọ, tí èèyàn kò mọ ìgbà tó máa dé, tó bá ti tàn báyìí, gbogbo ará ilé á sáré so fóònù mọ́ ọn, wọ́n á lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, ọkàn wọn ò sì ní balẹ̀ torí pé ó tún máa lọ. Ọmọ oníyèméjì nìyẹn: nígbà mìíràn wọ́n dá a lóhùn, nígbà mìíràn wọn ò dá a lóhùn, ó wá pariwo ẹkún sókè. Ní ilé tí iná kò wá mọ́, wọ́n ti ra fìtílà, wọn kì í tẹ súìsì wò mọ́. Ọmọ ayẹra nìyẹn: bí ó bá ké, wọ́n ń gbá a dànù, ó sì kọ́ láti máa gbé ẹkún mì.

Kò túmọ̀ sí pé kí òbí má ṣì í ṣe láé. Edward Tronick, onímọ̀ ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà, wo àwọn ìyá tí nǹkan ń lọ dáadáa láàárín àwọn àti ọmọ wọn, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìgbà péré ni ìṣe méjèèjì bára mu. Ìyókù jẹ́ ṣíṣì àti àtúnṣe, àtúnṣe yẹn gan-an ló sì ń kọ́ ọmọ pé ohun tó bàjẹ́ ṣe é tún ṣe. Ohun tí ọmọ kò lè gbà ni ojú tí kò dáhùn rárá. Nínú ìdánwò Tronick, ìyá kàn mú ojú le bí ère fún ìṣẹ́jú bíi méjì. Ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, ó nawọ́ sí nǹkan, ó ké, níkẹyìn ó yí ojú kúrò, ara rẹ̀ sì rọ. Ojú tó tẹ̀ mọ́ fóònù ní wákàtí wákàtí sún mọ́ irú ojú yẹn.

Ṣé gbígbé ń ba ọmọ jẹ́?

Rárá, kò sí ibi tí ìwádìí ti gbè é lẹ́sẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ní New York, wọ́n ṣètò ìyá tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún àwọn kan ní aṣọ rírọ̀ tí wọ́n á fi máa gbé ọmọ mọ́ ara, wọ́n fún àwọn yòókù ní àga ike tí wọ́n ń gbé ọmọ sí. Èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Nígbà tí àwọn ọmọ pé oṣù 13, ìsomọ́ ìdá 83 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n gbé mọ́ ara ló fìdí múlẹ̀. Lára àwọn alága ike, ìdá 38 ni. Ọ̀já tí àwọn kan ti ń tijú láti fi pọn ọmọ jáde nígboro ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ìyá tó pọn ọmọ ń mọ̀ ọ́n lára bí ó bá ta ẹsẹ̀, bí èémí rẹ̀ bá yí padà, kí ẹkún tó jáde rárá.

Ọgbọ́n ìdáhùn yìí sì ṣe é kọ́. Ní Netherlands, wọ́n mú 100 ọmọ tó jẹ́ sunkún-sunkún, ọmọ àwọn tálákà, wọ́n sì bẹ ìdajì àwọn ìyá wò nílé lẹ́ẹ̀mẹta péré, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, láti fi bí wọ́n ṣe lè ka àmì ọmọ wọn hàn wọ́n. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí pé ọdún kan, ìsomọ́ ìdá 62 nínú 100 wọn ló fìdí múlẹ̀. Láàárín àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò, ìdá 22. Èsì náà jáde ní 1994.

Ṣé ìyá nìkan ni?

Ẹnì kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ìwádìí kan láàárín àwọn Hausa ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1977, wo ọmọ 18, ó sì rí i pé èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọmọ sábà máa ń so mọ́, ẹnì kan sì máa ń ṣáájú nínú wọn: ẹni tó ń gbé e jù, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìyá tó bí i. Bàbá wà lára wọn, ìyá àgbà wà lára wọn. Ohun tí ọmọ kò lè ṣe ni kó so mọ́ ogún èèyàn tó ń pààrọ̀ ara wọn. Ilé tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń yí padà lóṣooṣù ń fi ọmọ sínú ọ̀fọ̀ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì bá a kẹ́dùn.

Jẹ́lé-ó-sinmi ńkọ́? Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, pẹ̀lú ọmọ tó lé ní 1,300, rí i pé lílọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ba ìsomọ́ jẹ́. Ibi tó ti léwu ni kí ìdáhùn òbí má dára nílé, kí ti jẹ́lé-ó-sinmi náà má sì dára. Bí ẹ bá fẹ́ yan ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni olùtọ́jú kan ń mójú tó, kí ẹ sì bi wọ́n pé báwo ni òṣìṣẹ́ tó pẹ́ jù ṣe pẹ́ tó.

Báwo ló ṣe ń dé inú ìfẹ́ àti ìgbéyàwó?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìmọ̀lára. Ọmọ ọwọ́ kò lè fúnra rẹ̀ pa ìbínú tàbí ìbẹ̀rù. A ń sọ ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún, àmọ́ òun gan-an ló kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé ká rẹ òun lẹ́kún. Ìyá àgbà gbé e sí èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń ki oríkì rẹ̀, ohùn náà ń lọ sílẹ̀, èémí ọmọ sì ń bá a lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn àìmọye ìgbà, ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á lè mí kanlẹ̀, á sọ pé "inú ń bí mi," dípò kó bu ẹlòmíì jẹ. Ó ti yá ìbàlẹ̀ ọkàn lọ́wọ́ àgbà títí ó fi di tirẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ohun tó ń retí lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó kọ́ láti kékeré pé fìtílà ara ẹni ló dájú lè dàgbà di ọkọ tó ń jáde kúrò nílé bí ìjà bá dé, kì í ṣe torí pé kò nífẹ̀ẹ́. Ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní àárín àwọn ọdún 1970 títí wọ́n fi lé ní ogún ọdún. Àwọn tí ìsomọ́ wọn fìdí múlẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọdún kan mọ bá ẹgbẹ́ ṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ bá ẹgbẹ́ ṣe ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ní ọdún 16. Àwọn yẹn ló sì ń rọrùn fún láti yanjú ìjà pẹ̀lú olólùfẹ́. Àtẹ̀gùn ni. Èèyàn lè kọsẹ̀ lórí ìpele kan, wọ́n sì lè fà á sókè lórí òmíràn.

Ìdánwò orí ayélujára tó máa ń sọ irú ìsomọ́ tí èèyàn ní ńkọ́? Ìdí rẹ̀ ni ìwé ìbéèrè tí Cindy Hazan àti Phillip Shaver tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kan ní Denver, tí wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ ní 1987: ìpínrọ̀ mẹ́ta, kí òǹkàwé mú èyí tó jọ òun nínú ìfẹ́. Nǹkan bí ìdá 56 nínú 100 mú ti ìsomọ́ tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣe nínú ìfẹ́ lónìí ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń wò. Kò lè sọ ohun tí ìyá yín ṣe tàbí tí kò ṣe nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ dá ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ìsomọ́ tí kò fìdí múlẹ̀ sì ṣe é tún ṣe. Ní Bucharest, olú ìlú Romania, láti nǹkan bí 2001, wọ́n fi ìbò pín ọmọ 136 tó wà nílé ọmọ aláìlóbìí: ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, ìdajì dúró. Àwọn tó lọ gbèrú sí i, pàápàá àwọn tó lọ kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Fún àgbàlagbà, Mary Main rí i pé ẹni tí ìgbà èwe rẹ̀ le, àmọ́ tó lè sọ ìtàn rẹ̀ kedere láìfi bò, láìsí pé ó rì sínú ìbínú, sábà máa ń tọ́ ọmọ tí ìsomọ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀.

Bí a bá ní láti gbé ọmọ fún ẹlòmíì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Láti àwọn ọdún 1950 lọ sí ti 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Ìlú Ọba, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, fi ọmọ sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó alágbàtọ́. Wọ́n máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World. Ìwé kíkà, iṣẹ́ alẹ́ àti yàrá kan ṣoṣo ló tì wọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sọ́wọ́ òbí tí wọn kò mọ̀ mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ìyá mìíràn lọ́kàn. Lónìí, ọ̀nà ìrìn náà ti yí: òbí ń rìnrìn àjò, ọmọ kù sọ́wọ́ ìyá àgbà.

Oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ni àsìkò tó le jù. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà wá gbé pẹ̀lú yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó kàn wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń fún ọmọ lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, òun ni kó máa fún un, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ gbé ìwẹ̀ fún un, kí oorun ọ̀sán tẹ̀ lé e, kí oorun alẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ wá máa jáde: wákàtí kan, ìdajì ọjọ́, odindi ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, kó ké níṣojú yín. Ọmọ tí wọ́n sá fún kì í ṣeré dáadáa mọ́. Ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ìró kan tí ẹ ti ró sílẹ̀ láìfọ̀, kó lè máa gbóòórùn yín lára rẹ̀. Ẹ máa pè é lórí fídíò ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó. Bó bá ké lẹ́yìn ìpè, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má pè mọ́. Ó ń rántí yín ni.

Ìgbà tí ẹ bá wá mú un ni ẹ óò nílò sùúrù jù. Á fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má já a gbà. Lójú tiyín, ó ń padà sílé. Lójú tirẹ̀, wọ́n ń gbà á kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ìyá àgbà bá yín gbé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún ìgbésẹ̀ ọ̀hún ṣe sẹ́yìn: òun ló ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ń mú kànìnkànìn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀. Ó lè máa tọ̀ sílé, kó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́, kó kọ oúnjẹ. Ẹ má lù ú nítorí rẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, á jí lóru pẹ̀lú ẹkún, kò ní lọ sí yàrá tí ìyá àgbà ti sùn rí, á ti ilẹ̀kùn yàrá yín wọlé.